Ìpè Ìkookò Lórí Pápá Árníkà

Árníkà, òdòdó oògùn orí òkè, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá mú un dáadáa, òní ni yóò là, ọ̀la ni yóò rẹ̀, bó bá sì di ọ̀tunla, ó ti di òwú funfun tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Savina ti mọ èyí láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì jókòó láti ìgbà tí ìrì ti gbẹ lórí koríko. Ó ya ìka rẹ̀ bí eyín òòyà, ó ń kì í bọ abẹ́ orí òdòdó, ó ń gbé e sókè, orí òdòdó sì ń já bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Níbi tí mélòó kan bá ti dúró pọ̀, ó ń fi ọ̀kan sílẹ̀ kó lè so èso. Kò fa gbòǹgbò kankan tu.

Òtútù ti há òdòdó náà mọ́ tipẹ́. Àfi bí ó ṣe di òwúrọ̀ yìí tí gbogbo wọn là lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé rẹ̀. Pápá náà pọ́n bí ìyeyè láti ẹ̀bá igbó dé etí ọ̀gbun. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Àyà Savina ń lù kìkì fún ayọ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sáré, ó fẹ́ ní ọwọ́ bí ogún. Èyí tó ní kò ju méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu Nicodim, bàbá ọkọ rẹ̀, jáde nídìí oúnjẹ ló gbé e gun òkè.

"Koríko pápá yẹn tín-ín-rín bí irun orí mi," ni Nicodim wí. "Màlúù kan ṣoṣo kò lè yó níbẹ̀. Bí a bá ti gé e tán lọ́dún yìí, n ó kó ajílẹ̀ dà sí i."

"Bàbá mi ló fún mi ní pápá yẹn," ni Parasca ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀. Kò fún ọ ní màlúù tí yóò máa gbààwẹ̀ níbẹ̀."

Savina kò lè panu mọ́. Ní abúlé bàbá tirẹ̀, lẹ́yìn òkè kejì, wọ́n ti da ajílẹ̀ sórí irú pápá bẹ́ẹ̀ rí. Koríko ga dé orúnkún, inú gbogbo èèyàn dùn. Árníkà kú. Ohun tó ń bọ́ koríko, májèlé ni fún un; ilẹ̀ tó gbẹ, tó ṣá, ni ó ń fẹ́. Wọ́n kò da ajílẹ̀ síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, síbẹ̀ òdòdó kan kò padà wá. Savina sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá ọkọ rẹ̀, kò sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti yẹ kí ìyàwó tuntun ṣe.

Nicodim jẹun tán kó tó dáhùn. "Ilẹ̀ tí kò mú nǹkan wọlé, ìfiṣòfò ni. Ṣùgbọ́n o sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́. Àwọn àtẹ tí a fi ń sá òdòdó wà nínú àjà. Bí wọ́n bá kún láti orí pápá yẹn, títí kan èyí tó wà lókè pátápátá, kí a tó kó dòjé wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Pétérù Mímọ́, ajílẹ̀ mi kò ní débẹ̀ láé. Bí wọn kò bá kún, kí ẹnikẹ́ni má sunkún sí mi létí."

Nicodim kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbáà dùn ún, ìbáà má dùn ún. Savina mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la sì ni ọjọ́ Pétérù Mímọ́. Ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń gé igi gẹdú. Ìbàdí ń dun Parasca, kò lè bẹ̀rẹ̀. Savina nìkan ló kù.

Ó gbójú sókè láti nu òógùn, ó sì rí i: ìkùukùu dúdú kan ti jókòó lé orí òkè Bihor bí adìyẹ tó ń sàba. Òdòdó tí òjò bá pa kò ṣe é sá. Dúdú ni yóò dà. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tó ti kún, ó wo pápá. Ó dà bí ẹni pé kò tíì fọwọ́ kan nǹkan.

Túlníkì Parasca wà nínú ahéré koríko láàárín pápá, fèrè onígi tó gùn ju èèyàn lọ, tí àwọn obìnrin òkè wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkè dé òkè. Parasca kò fọn ọ́n mọ́ láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́. Savina mú un jáde, ó gbé e lé orí òkúta. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ ọ̀wẹ̀. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí òun pè kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ìgbà ọdún Àjíǹde ni wọ́n gbé e wá síbí, àwọn ará òkè ṣì ń wò ó bí ẹni wo ẹṣin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ó fẹnu lé e. Kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan tó ń ròkè: ìpè ọ̀wẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ohùn náà la àfonífojì kọjá, ó lu àpáta, ó padà wá. Ó tún fọn ọ́n.

Kò pẹ́ rárá. Túlníkì kan dáhùn láti òkè ọ̀tún, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, òmíràn tún gbà á nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó káàkiri. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń lù. Omi lé sí Savina lójú. Irú èèyàn wo nìyí, tí wọ́n fẹ́ràn òun tó báyìí tí wọn kò sì jẹ́ kí òun mọ̀?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú igbó, wọ́n ń sáré. Kò rí i rí kí èèyàn sáré báyìí lọ síbi ọ̀wẹ̀. Ọkùnrin kan gbé àáké. Àwọn méjì gbé fọ́ọ̀kì koríko. Obìnrin kan mú igi ìdáná tí iná ṣì ń jó lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó mú apẹ̀rẹ̀ dání. Savina sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ká a níbí nìyẹn, ó sì ń ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n yá.

Zenobia, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin sígbọnlẹ̀ ni, Nana ni àwọn tó kéré sí i ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju fọ́ọ̀kì tó gbé lọ.

"Ó dà?" ni ó wí, ó ń mí hẹlẹ.

"Iwájú yín nìyẹn, Nana." Savina na ọwọ́ sí pápá. "Ibi gbogbo ni."

"Ibi gbogbo?" Zenobia yí po pẹ̀lú fọ́ọ̀kì. "Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Òwúrọ̀ yìí ni gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà."

"Olúwa, ṣàánú. O wá dúró síbí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ ti rọ ni, tí o ò fi sá?"

"Kí ni n ó máa sá fún, Nana? Ṣebí ẹ ti dé láti bá mi ká wọn."

Zenobia rọra sọ fọ́ọ̀kì náà kalẹ̀. "Ká kí ni?"

"Òdòdó."

Àwọn tó kù ti dé, wọ́n yí wọn ká, wọ́n ń wo igbó. Nicodim já láàárín wọn. Ó ti ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìpè; ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan dán, èkejì funfun fún ọṣẹ. Àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìkookò dà?"

Ó wo ẹ̀bá igbó, ó tún wo pápá.

"Mo ní ìkookò náà dà?"

"Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ," ni Zenobia wí. "Ó ní kí á wá bá òun ká a."

Ìgbà náà ni ó yé Savina. Ní abúlé bàbá rẹ̀, kúkúrú mẹ́ta àti gígùn kan, ọ̀wẹ̀ ni. Níbí, ìkookò ti wọ àárín àgùntàn ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un, òun náà kò sì béèrè, nítorí kò rò pé òkè méjì péré lè yí ohùn fèrè padà.

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní òun ń gé irun àgùntàn òun lọ́wọ́. Ó ti dé ìdajì, àgùntàn náà sì ti gbé ìdajì tó kù sá wọ igbó. Zenobia ní búrẹ́dì òun wà nínú ààrò, kò tún sí búrẹ́dì níbẹ̀ mọ́ báyìí, èédú ni. Nicodim fi àáké rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ó ń wo ilẹ̀, ìtìjú ti mú un, èyí sì burú fún Savina ju ariwo lọ.

Baba Ilarie ló dé kẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Òun ni àgbà jù lórí òkè náà. Ohun tó bá sọ nípa àṣà, ó parí síbẹ̀. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó fetí sílẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ṣé o mọ ohun tí ẹni tó bá pe ìkookò tí kò sí ìkookò gbọdọ̀ ṣe?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Baba."

"Gbogbo ẹni tó bá gun òkè, yóò bọ́ wọn yó. Lónìí náà."

Savina wo ìkùukùu. Ó ti kúrò lórí òkè Bihor, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìtìjú kò ṣí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un.

"N ó bọ́ yín," ni ó wí. "Ẹ̀bi mi ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá mi yìí ti búra pé bí àtẹ inú àjà kò bá kún kó tó di ọ̀la, òun yóò da ajílẹ̀ sórí pápá yìí. Bó bá dà á, ojú wa kò ní rí árníkà níbí mọ́. Òjò ló ń bọ̀ yẹn. N kò lè ká òdòdó kí n tún máa fi ìyẹ̀fun àgbàdo ro mámálígà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ èyí tí n ó kọ́kọ́ ṣe."

"Ẹ gbọ́ ẹnu," ni Zenobia wí. "Ẹ wo ẹnu ẹni tó jẹ gbèsè."

Ilarie ń họ àgbọ̀n rẹ̀. "Ní abúlé yín, báwo lẹ ṣe ń pe ìkookò?"

"Gígùn méjì, kí a já a lójijì."

"Fọn ọ́n kí n gbọ́. Rọra fọn ọ́n, jọ̀wọ́."

Savina fi ẹnu kan túlníkì, ó fọn ọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọ̀kan bo ẹnu rẹ̀.

"Ìpè ọ̀wẹ̀ tiwa nìyẹn," ni Ilarie wí. "Ká ní mo wà lálejò lọ́dọ̀ yín tí ìkookò wọlé, apẹ̀rẹ̀ ni n bá gbé lọ pàdé rẹ̀."

"Ẹ̀yin?" ni Zenobia wí. "Pẹ̀lú ara gbígbẹ yín yẹn? Ìkookò yóò ní kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín máa lọ, òun ń retí oúnjẹ."

Ẹ̀rín bú. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ẹ̀rín àwọn tí ẹ̀rù ti bà, tí ẹ̀rù náà sì ti kúrò, ni. Ẹni tí àgùntàn rẹ̀ sá gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Zenobia ti ká etí épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ sókè, ó ti so ó mọ́ ìbàdí bí àpò.

"Búrẹ́dì mi ti jóná ná," ni ó wí. "N kò gun òkè yìí láti sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó, báwo la ṣe ń ká nǹkan yìí?"

"Bí wọ́n bá bá a ká a," ni Nicodim wí, ohùn rẹ̀ há, "ọ̀rọ̀ mi dúró bí mo ṣe sọ ọ́. Gbogbo àtẹ."

"Ṣé o sọ pé kó dá nìkan ká a?" ni Ilarie bi í.

Nicodim ronú. "N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dára, bọ́ síbìkan, o dúró lórí òdòdó."

Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Savina ń sáré láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń fi ìka hàn wọ́n: abẹ́ orí ni, ẹ má fà á, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. "Ìwọ tó fi ìkookò pè mí ló tún ń kọ́ mi níṣẹ́," ni Zenobia ń wí, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é bí a ṣe kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n to ara wọn ní ìlà gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé koríko, wọ́n ń sún síwájú pọ̀. Wọ́n ń dà á sínú fìlà, sínú ìborùn, sínú ẹ̀wù tí ẹnì kan bọ́ tó sì so apá rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń pe ara wọn níjà láti ìpẹ̀kun ìlà kan dé èkejì. Ajá ń sáré káàkiri, kò mọ ohun tí wọ́n pe òun wá ṣe.

Parasca yọ lẹ́bàá igbó, ó ń tiro, páànù tí wọ́n fi ń dín nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ìbàdí yín ńkọ́?" ni Savina ké sí i.

"Ìkookò kì í béèrè ìbàdí ẹni," ni Parasca wí. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú àáké àti ọṣẹ gbígbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo pápá bàbá rẹ̀ tó kún fún èèyàn. Ó yí páànù náà padà, ó ní kí wọ́n máa da òdòdó sí i.

Atẹ́gùn tutù fẹ́. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lé Savina lọ́rùn.

"Ó tó. Ẹ kó o, ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ṣe sáré gòkè, olúkúlùkù tẹ̀ bo ẹrù tirẹ̀ kí òjò má bàa kàn án. Zenobia ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀, ó gbé épúrọ́ọ̀nù sókè, òdòdó kan kò dànù. Òjò dé gan-an bí ẹni ìkẹyìn ṣe ń wọ ilé. Wọ́n ń gba ẹrù lórí àkàsọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn tó wà nínú àjà ń dà á sórí àtẹ.

Nicodim ló gun orí àjà kẹ́yìn. Gbogbo èèyàn sún fún un. Ó wo àtẹ ìsàlẹ̀, ó wo ti àárín, ó na ọrùn wo ti òkè pátápátá. Ó fọwọ́ kàn án. Òfo ni, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kò kún," ni ó wí.

"Nicodim," ni Zenobia wí, "ṣé o fẹ́ sọ pé búrẹ́dì mi jóná lásán?"

"Mo sọ ohun tí ojú mi rí. Mo sọ pé títí kan èyí tó wà lókè. Kò kún."

"Pápá ìyàwó rẹ ni," ni Ilarie wí.

"Ọ̀rọ̀ mi ni."

Òjò ń lu òrùlé. Savina dúró, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra fún oje òdòdó. Ó wo àtẹ ìsàlẹ̀, kì í ṣe pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀; ojú rẹ̀ kàn ń sá fún ojú àwọn èèyàn ni. Ìgbà náà ni ó rí i bí wọ́n ṣe dà á. Wọ́n ti rọ́ ọ jọ bí ẹni da àgbàdo sínú àká. Ó ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Ó ti ń móoru.

"Ta ló dà á báyìí?" ni ó wí. Ó gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ fẹ́ kó jẹrà ni? Òdòdó kan kò gbọdọ̀ sùn lé èkejì. Ẹ wá. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa gbé èyí tó bá ṣẹ́kù sókè."

Wọ́n tẹ́ ẹ. Àtẹ kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń na ẹ̀kúnwọ́ sí ẹni tó wà lókè. Àtẹ kejì láti òkè bò. Wọ́n ń wo ọwọ́ Savina lórí àkàsọ̀ kékeré inú àjà bó ṣe ń to èyí tó wà lókè pátápátá láti etí kan dé ìkejì, títí kò fi sí àyè fún ìka rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó."

Nicodim gun àkàsọ̀ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀. Òkìtì kan ṣì wà lórí ilẹ̀, ó ga dé orúnkún, wọn kò tíì kàn án.

"Èyí ńkọ́?" ni ó bi í.

"Kò sí àtẹ mọ́, Bàbá."

"A ó wá máa wò ó títí yóò fi bà jẹ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń fi òòlù lu nǹkan, Parasca ń béèrè ohun tó ń wó. Ó tún gòkè wá, ó gbé ilẹ̀kùn yàrá tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé e ka orí àpótí méjì, ó fi apá ẹ̀wù nù ún, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òdòdó sórí rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń to ẹyin.

"Parasca," ni ó ké sí i nísàlẹ̀, kò gbójú sókè, "kọ́ ọmọ yìí ní ìpè wa. Lọ́dún tó ń bọ̀, n kò ní gbé àáké wá ká òdòdó mọ́."

Lọ́dún tó ń bọ̀. Savina gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ tán. "Ajílẹ̀ yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ṣé pápá kan ṣoṣo ni mo ní ni? Ọ̀dùnkún ń bẹ nísàlẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ. O jẹ àwọn èèyàn ní gbèsè oúnjẹ, lọ sè é."

Savina fò sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, kò wo ibi tí ó ń fẹsẹ̀ sí. Ilé ti kún. Wọ́n ti jókòó títí dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ wọn ń gbóná sí iná, wọ́n ń fi ṣíbí lu tábìlì. Zenobia ti gbé omi kaná fún un.

"Ìyẹ̀fun dà?" ni ó wí. "Ebi kò mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni ọ́."